Ọwọ́ Ìjẹun

Àbàrá ni wọ́n fi jí ilé Àbọ̀dé láàárọ̀ Sátidé tí ó fẹ́ kọ́ alùpùpù. Ràbí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ni ó nawọ́ sí àwo àkàrà. Ọwọ́ òsì ni ó nà. Kí ọwọ́ náà tó kan àkàrà, Fàòsíyà ìyá bàbá rẹ̀ ti fọ́ ọ lẹ́yìn ọwọ́, páà! Ọmọ fi igbe ta. Àlàkẹ́ ìyá Ràbí sáré yọ láti ìdí ààrò, èéfín ti mú ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá, ọmọdé mà ni."

"Nítorí pé ó jẹ́ ọmọdé ni mo ṣe ń nà án. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ta ni apá rẹ̀ yóò ká a? Ṣé apá tìrẹ ni? Ṣàtánì ní ń fi òsì jẹun. A kì í fi òsì júwe ilé bàbá ẹni, áńbọ̀sì ká kì í bọ inú oúnjẹ."

"Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, Ìyá."

"Yóò rọlẹ̀. Ti ẹlòmíràn náà pọ́n rí, ó sì rọlẹ̀. Ọkọ rẹ nìyẹn, wò ó bó ṣe jókòó tó ń fi ọ̀tún jẹun bí ọmọlúàbí. Ṣé o rò pé wọ́n bí i bẹ́ẹ̀ ni?"

Àbọ̀dé jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Àkàrà kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ti mú un dání láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì gé e jẹ. Kò dá sí i. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, tíṣà ni, ogójì ọmọ ní ń dìde kí i láràárọ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀ ọwọ́, ẹnu rẹ̀ a pa dé.

Àyìnkẹ́ tó ń ta ọsàn ní òdìkejì títì gbọ́ ariwo náà. Ojú títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni ilé wọn kọ sí ní Fìdítì níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì sọ lójúlé kan, òdìkejì a dáhùn. Ó gbóhùn sókè láti ìdí ọsàn tó ń bó.

"Ìyá Àbọ̀dé, ẹ ti fi ọ̀tún nà án, ẹ wá fi òsì fà á mọ́ra o!"

"Òsì tèmi, ìdí ni mo fi ń fọ̀!" ni Fàòsíyà dáhùn.

Ẹ̀rín sọ. Ràbí pàápàá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú, nítorí ó gbọ́ "ìdí". Fàòsíyà fúnra rẹ̀ gbé àkàrà náà sí ọwọ́ ọ̀tún ọmọ, ó pa á lórí, ó ní, "Ìyá ọkọ mi, jẹun." Ẹ má ṣe ṣi obìnrin náà gbọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn Ràbí tó ìyá yìí.

Ọdún tí owó Údójì, ẹ̀kúnwó tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, jáde ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí owó náà ti dé ọwọ́ àwọn tíṣà ni alùpùpù kún ìlú. Fìdítì, Akínmọ́rìn, Ìlọrà, Awẹ́, gbogbo ẹnu ọ̀nà ni wọ́n so ẹṣin irin mọ́. Kì í sì í pé ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n má gbé ẹnì kan kọjá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì bí ẹ̀ka tó ya. Èyí ni ó ń bí mi nínú. Wọ́n fún ènìyàn lówó alùpùpù, kò sí ẹni tó bi í pé ta ni yóò kọ́ ọ. Àwọn tó yẹ kí wọ́n dán an wò ní Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn fèrèsé ni wọ́n ti ń ta láísẹ́ǹsì bí ẹni ń ta sítáǹpù.

Ti Àbọ̀dé ti wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ láti ọjọ́bọ̀. Ìwé náà sọ pé wọ́n ti dán an wò, pé ó sì yege. Àbọ̀dé kò tíì fi ìdí kan orí alùpùpù rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ìyẹn gan-an ni ó ń lé e. Wọ́n ti gbé e kúrò ní Fìdítì lọ sí Ìmínì, aago méje àbọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè ni kí ó ti wà níwájú kíláàsì. Ọkọ̀ kì í lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó máa lọ sí oko bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wí, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń wí i.

Àlàkẹ́ bu àkàrà tó kù pẹ̀lú ẹ̀kọ, ó gbé e tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àbọ̀dé jókòó sórí ẹní. Ó wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì ṣí ewé ẹ̀kọ, ó fi òsì gé e, ó fi òsì kì í bọ ẹnu. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ọdún márùn-ún tí Àlàkẹ́ ti wà nílé yìí, inú yàrá yìí nìkan ni ó ti ń rí i kí ọkọ rẹ̀ jẹun yó.

"Ọjọ́ wo lẹ máa sọ fún wọn, Bàbá Ràbí?"

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé bàbá lọmọ jọ. Kí wọ́n yé na ọmọ mi."

"Àlàkẹ́, fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Kí Ìyá wá sunkún lé mi lórí? Ó ti fi mí yangàn fún gbogbo àdúgbò." Ó gé ẹ̀kọ mìíràn. "Lọ́la n ó ronú sí i. Lónìí, alùpùpù ni mò ń rò."

Ìró ẹsẹ̀ Fàòsíyà dún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ó tó kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ òsì ti wọ abẹ́ ìtàn, ọ̀tún ti wà nínú àwo. Àlàkẹ́ wo èyí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jáde wá," ni ìyá náà wí. "Ṣàmsúdéènì ti dé."

Ṣàmsúdéènì ni ó ń tún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe nítòsí ọjà. Òun ni ó bá Àbọ̀dé ra alùpùpù náà, àlòkù pupa kan tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, òun náà ni ó bá a gba láísẹ́ǹsì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mọ ẹ̀rọ, ó sì ní sùúrù. Ó mú alùpùpù dúró láàárín àgbàlá, àwọn ará ilé pa agbo yí i ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ bí àlùfáà tó gun mínbárì.

"Tíṣà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Èmi kì í pe ọwọ́ ní ọ̀tún tàbí òsì o. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọkọ̀ fi òsì sílẹ̀ kí wọ́n bọ́ sí ọ̀tún, orí ayé ti dàrú. Bí mo bá pariwo pé ọ̀tún, ọ̀nà ni mò ń sọ, kí ẹ yà síbẹ̀. Irin tó wà níhìn-ín, bíréèkì ni. Ọwọ́ ìjẹun ni mo máa ń pè é. Irin ti ọ̀hún, kílọ́ọ̀ṣì ni. Ìyẹn ni ọwọ́ ìdí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ ọwọ́ tó fi ń jẹun. Bó ti wù kí ẹ̀rù bà á tó, kò ní ṣì í. Àgbẹ̀ bí ogún ni mo ti fi kọ́, kò sí ọ̀kan tó ṣì í. Bíréèkì ti ẹsẹ̀ ń bẹ, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀, ọ̀la ni n ó mú un le. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọwọ́ ìjẹun ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ má sì fa kílọ́ọ̀ṣì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láéláé. Bí ẹ bá fà á, ẹ̀rọ á jọ̀wọ́ táyà, yóò máa yí lọ fúnra rẹ̀ ni."

Àlàkẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ta á láyà. Ọwọ́ ìjẹun. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ojú ọkọ òun ti wà lára òun. Àbọ̀dé mi orí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́, má sọ. Fàòsíyà sì dúró láàárín wọn, ó gbé Ràbí pọ̀n, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ṣàmù," ni Àlàkẹ́ bẹ̀rẹ̀, "ṣé ẹ ò kúkú lè pè é ní..."

"Kí ni mo fẹ́ pè é?"

Gbogbo ojú yí sí i. Fàòsíyà ní, "Ìyàwó, kí lo mọ̀ nípa alùpùpù?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Àlàkẹ́ wí. Ó gbé e mì. Bí ènìyàn bá gbé ọ̀rọ̀ mì, ọ̀rọ̀ náà kì í dà. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọkọ ni obìnrin ń bò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ nílé bàbá rẹ̀.

Fàòsíyà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúrà fún irin náà, ó ṣàdúrà fún ẹni tí yóò gùn ún. Àmín gba àgbàlá. Wọ́n ti alùpùpù lọ sí pápá ilé-ìwé tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé.

Lórí pápá, Àbọ̀dé ṣe dáadáa. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ń lé e, ó sì ń ráyè ronú kí ó tó fa irin. Ọwọ́ ìjẹun, ti ojú ayé ni wọ́n ń sọ, ó mú ọ̀tún, ó fà á, alùpùpù dúró. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó gbọn ara rẹ̀ nù, ó rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ṣàmsúdéènì pàtẹ́wọ́.

"Ó parí! Tíṣà, ẹ jẹ́ ká gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ fi han Ìyá."

Wákàtí méjì péré. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́ aṣọ rírán, ọdún mẹ́ta ni yóò fi gbálẹ̀ fún ọ̀gá.

Ọ̀nà ilé láti pápá, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ó sì já sí títì gbọọrọ. Àwọn ará ilé ti jáde síta nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Àbọ̀dé yọ lórí òkè, eyín rẹ̀ funfun, atẹ́gùn ti fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ bí ìlù. Fàòsíyà kígbe, "Ọmọ mi rè é!" Ó ń jó. Ràbí ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàmsúdéènì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn alùpùpù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé kí ó rọra.

Lọ́rì kan tó kó pákó sì ń bọ̀ láti apá Ọ̀yọ́.

Ṣàmsúdéènì ni ó kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Bíréèkì! Tíṣà, ọwọ́ ìjẹun! Ẹ fà á! Ọwọ́ ìjẹun!"

Gbogbo àdúgbò gbọ́. Àbọ̀dé náà gbọ́, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó ráyè ronú. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọwọ́ òsì rẹ̀ di irin mú, ó fà á. Ẹ̀rọ ké tòò. Alùpùpù tú sílẹ̀, ó ń já bọ̀ geere. "Ọwọ́ ìjẹun!" Ó tún fà á, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ náà tìyanu-tìyanu pé kí ló dé tí kò dúró. Ó gba iwájú ìyá rẹ̀ kọjá. Ó wọ títì.

Awakọ̀ lọ́rì tẹ bíréèkì títí táyà fi rùn. Àbọ̀dé ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì náà, táyà ẹ̀yìn sì gba orí apá ọ̀tún rẹ̀ kọjá, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Alùpùpù lọ kọ lu igbá Àyìnkẹ́. Ọsàn tú dà sí títì, wọ́n ń yí lọ kiri, kò sì sí ẹni tó ṣà wọ́n.

Awakọ̀ náà, àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Ògúnwálé, kò sá. Ó bọ́ aṣọ ara rẹ̀ di apá náà, ó yí lọ́rì padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì gbé Àbọ̀dé lé orí pákó. Fàòsíyà jókòó síbi orí rẹ̀, Àlàkẹ́ síbi ẹsẹ̀, Ṣàmsúdéènì rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ràbí wà lọ́wọ́ Àyìnkẹ́. Ní Ìlọrà, Fàòsíyà ní àfi kí wọ́n dúró nílé bàbá kan tí ń to eegun. Bàbá náà jáde, ó ká aṣọ sókè díẹ̀, ó tún rọra bò ó padà.

"Ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni ó wí. "Eegun ni mo mọ̀ ọ́n tò. Eléyìí ti kọjá eegun. Ẹ tètè máa lọ."

Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní Fìdítì, ẹnu kò kúkú dákẹ́. Àwọn kan ní ayé ni. Àwọn kan ní láti ọjọ́ tó ti gbé alùpùpù wálé ni ojú ti ń wọ̀ ọ́. Obìnrin kan ní orí ìyàwó náà ni kò tutù, ṣebí òun ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kan láàárọ̀ tó sì gbé e mì? Kò sí ẹni tó dárúkọ láísẹ́ǹsì.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bá a nínú àpò ẹ̀wù Àbọ̀dé, ẹ̀jẹ̀ ti mú un lẹ̀ pọ̀. Ó ṣí i, ó kà á. "Ó ti mọ̀ ọ́n gùn dáadáa tẹ́lẹ̀ nìyẹn," ni ó wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, dókítà jáde sí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní apá náà kò ṣeé gbà là. Àárọ̀ ọ̀la ni àwọn yóò gé e. Kí wọ́n fún un ní oúnjẹ nísinsìnyí, nítorí bí ilẹ̀ bá ti ṣú kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì lọ.

Fàòsíyà dúró. Kò sunkún. Ó yíjú sí Ṣàmsúdéènì, ó gbá a lẹ́wù mú.

"Ìwọ ni. Ìwọ ni o kọ́ ọmọ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Apá ọ̀tún! Apá tó fi ń kọ̀wé, apá tó fi ń jẹun! Kí ni ọmọ mi yóò máa fi jẹun?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́." Omi ń dà lójú ọkùnrin náà. "Mo pè é. Gbogbo ayé ló gbọ́ mi. Mo ní ọwọ́ ìjẹun, mo pè é títí ohùn mi fi há. Mi ò mọ ohun tó mú un. Ọwọ́ kejì ló fà. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

"Irọ́ lò ń pa. Ọmọ mi kò lè ṣi ọwọ́ ìjẹun. Èmi ni mo fi kọ́ ọ."

"Kò ṣì í, Ìyá."

Àlàkẹ́ ni. Ó jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kò gbójú sókè.

"Kí lo wí?"

"Mo ní kò ṣì í. Ọwọ́ tí ọkọ mi fi ń jẹun náà ló fà."

Ṣàmsúdéènì wo ìyàwó, ó wo ìyá. Ọwọ́ Fàòsíyà tú kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni ó bi Àlàkẹ́.

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì." Nígbà náà ni ẹkún wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo fẹ́ sọ ọ́ láàárọ̀, Ìyá. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wo ojú yín."

Fàòsíyà mú ìdí ìró rẹ̀, ó tú owó tó so mọ́ ọn, ó jáde lọ ra ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ẹnu géètì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tọrọ omi sínú abọ́. Nígbà tí Àlàkẹ́ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Fi í sílẹ̀."

Àbọ̀dé dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n ti di apá ọ̀tún rẹ̀ títí dé èjìká. Ojú rẹ̀ là. Bí ó ti rí ìyá rẹ̀ tó wọlé pẹ̀lú oúnjẹ, ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wà lórí àyà yọ́ lọ, ó wọ abẹ́ aṣọ ìbora, ó sá pamọ́.

Fàòsíyà rí i. Ó rí i bí ọwọ́ náà ti sá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ìgbà tí ọkàn obìnrin náà fọ́, kì í ṣe ẹnu títì, kì í sì í ṣe iwájú dókítà. Ìgbà yìí ni.

Ó jókòó tì í. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora, ó wá ọwọ́ òsì náà rí, ó fà á jáde. Àpá iná kan wà lẹ́yìn ọwọ́ náà, ó ti pẹ́, ó ti ń dán. Nínú gbogbo ayé, òun nìkan ni ó mọ ọjọ́ tí àpá yẹn débẹ̀. Ó fi omi wẹ ọwọ́ náà, ó wẹ ìka kọ̀ọ̀kan, ó fi ìró rẹ̀ nù ún gbẹ. Ó gbé àwo lé àyà ọmọ rẹ̀, ó mú ọwọ́ náà, ó kì í bọ inú oúnjẹ.

"Bísímíláì," ni ó wí. "Jẹun, Àbọ̀dé."

Ebi ń pa Àbọ̀dé. Láti àárọ̀ kò tíì jẹ nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀kọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọwọ́ náà bu oúnjẹ, ó gbé e, ó sì dúró ní agbede méjì àwo àti ẹnu. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀tún ìyá rẹ̀. Ó ń retí àbàrá.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kí o jẹ ẹ́."

Ọwọ́ náà kò lọ, kò bọ̀. Ìrẹsì ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ sórí aṣọ.

Fàòsíyà dúró títí ó fi yé e pé kò lè jẹ ẹ́ lójú òun. Nígbà náà ni ó dìde, ó kọjú sí ògiri, kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun.